Ẹnìkan Tó Ń Jẹ́ Àwá Dé

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Òótọ́ ni, lásìkò tiwọn. Wọn kò bá wa dé ojú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ láti rí jíìpù dúdú kan ṣoṣo tí áńténà méjì nà ró níwájú rẹ̀, tí iná pupa àti búlúù ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ kan àti ọ̀gá kan tó ti sùn ló wà nínú rẹ̀. Aládànfó rí i, ó yà. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn rí i, ó bọ́ sí etí gọ́tà. Wọ́n rò pé ọ̀wọ́ ọkọ̀ gómìnà ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tó wà lẹ́yìn kò ju ọkọ̀ kékeré kan tó ń pín búrẹ́dì kiri lọ.

Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀gá náà ní Olóyè Àwádé. Irú rẹ̀ kún Ìkẹjà, wọ́n kún Bódìjà, wọ́n sì ti ń dé Ìlọrin. Ọkọ̀ Land Cruiser funfun àwọn àjọ àgbáyé tí Olóyè rí ní Àbújá ló wọ̀ ọ́ lójú. Ó rí ọ̀pá gígùn tó ti iwájú ọkọ̀ tẹ̀ kọjá lórí òrùlé. Kò bèèrè ẹni tí ọkọ̀ náà ń bá sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ta ọ̀pá ló bèèrè.

Ọ̀pá yẹn níṣẹ́ o. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013 tí ìjọba àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa, wọ́n pa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù níbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ó kan Zamfara. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tọ́ọ̀ṣì àti kámẹ́rà nìkan ló ń kù nínú fóònù, bó ti wù kó wọ́n tó. Rédíò inú ọkọ̀ kì í tọrọ ààyè lọ́wọ́ òpó ilé-iṣẹ́ kankan: bátìrì ọkọ̀ ló ń jẹ, áńténà ara rẹ̀ ló ń lò. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní HF, tó wà láàárín megahertz 3 sí 30, a máa ju ohùn sókè dé ìpele kan lójú sánmà, ìpele náà á sì dá a padà sílẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà sí ibi tó ti gbéra. Ṣùgbọ́n ẹ má wo ọ̀pá nìkan. Ẹnìkan jókòó sí yàrá rédíò níbi tí ọkọ̀ ti gbéra. Ó mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ọkọ̀ náà lórí afẹ́fẹ́, ó mọ ìgbà tó yẹ kó pè. Bí àkókò bá kọjá tí kò pè, ẹni náà á dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀nà, àmọ́ ó lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ́ àwá dé.

Nígbà tí Olóyè gbé jíìpù rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rìwáyà ní Ládípò, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọmọ náà bi í ni pé, “Dádì, ta lẹ fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀?”

“Èwo ni ti ta ni? Ibi tí wọ́n á ti máa rí i ni kí o gbé e sí.”

“Kò burú, sà. Ṣé ẹ rí i, bí a bá mọ ẹni tó wà lódìkejì, a ó mọ ojú ìgbì tí...”

“Èwo ló gùn jù nínú wọn?”

Ọmọ náà mọṣẹ́. Ó fẹ́ ṣàlàyé pé ojú ìgbì ló ń pàṣẹ gígùn áńténà, kò sí ohun tó kan ipò ẹni tó ni ọkọ̀. Èyí tó jẹ́ ìdámẹ́rin ìgbì lórí megahertz 150 kò ju ààbọ̀ mítà lọ. Lórí 477, sẹ̀ǹtímítà 16 péré ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju bírò lọ. Lórí 27 tí àwọn awakọ̀ àjàgbé Amẹ́ríkà fẹ́ràn, ó ń súnmọ́ mítà mẹ́ta. Ọ̀pá HF tí Olóyè rí ní Àbújá, bó ṣe gùn tó yẹn, ó ṣì kéré sí ohun tí ìgbì rẹ̀ ń béèrè. Ìdí nìyẹn tí àpótí dúdú fi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó ń fi wáyà wíwé dí ohun tó kù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kọjá Lẹ́kí, ọ̀pá kúkúrú ti tó o. Olóyè ní ọ̀pá kúkúrú kò bá oyè òun mu.

Ibi tí áńténà ti ń ṣiṣẹ́ jù lára ọkọ̀ ni àárín òrùlé, torí irin òrùlé náà ni apá kejì áńténà. Bí kò bá sí irin tó tẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ohùn kò ní jáde dáadáa, èyí tó bá sì jáde yóò máa tẹ̀ sápá kan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé dígí ni òrùlé jíìpù Olóyè láti iwájú dé ẹ̀yìn. Owó tó san lé owó ọkọ̀ kí òun lè máa wo sánmà, òun ló gba ilẹ̀ lọ́wọ́ áńténà. Wọ́n bá gbé e sórí bọ́ńpà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kí ni èkejì wà fún? Rìwáyà kò bèèrè. Èmi gbà pé ọ̀kan wà fún rédíò, èkejì wà kí ọ̀kan yẹn má baà dá wà.

Ti iná ńkọ́? Rédíò inú ọkọ̀ kì í ṣe ṣájà fóònù. Wáyà tó nípọn ni à ń fà tààrà láti ìdí bátìrì, pẹ̀lú fíùsì nítòsí bátìrì náà, kí ọkọ̀ má baà gbiná bí wáyà bá bó lójú ọ̀nà. Olóyè kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú dáṣibọ́ọ̀dù òun, ó ní kí wọ́n ki í bọ ihò tí wọ́n ti ń tan sìgá. Láti ọjọ́ náà, bí awakọ̀ bá ti tẹ iná mọ́tò, rédíò á máa ké wíín bá ẹ́ńjìnnì lọ. Olóyè gbà pé ohùn agbára nìyẹn. Rìwáyà tún mú mítà kékeré kan jáde, èyí tó ń wo iye agbára tó gba áńténà jáde àti iye tó ń ṣẹ́rí padà, torí bí èyí tó ń padà bá pọ̀ jù, inú rédíò ni yóò ti jóná. Olóyè ní kó gbé mítà rẹ̀ kúrò, pé kò sí ohun tí í jáde lẹ́nu òun tó ń padà.

Ó dé ojú títì, ó tẹ bọ́tìnnì. “Halóò, halóò. Àwá dé.” Ó tú u sílẹ̀. Ṣííí.

Ní Detroit ní 1928, ọlọ́pàá ti ní rédíò nínú ọkọ̀, àmọ́ gbígbọ́ nìkan ni wọ́n lè gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fèsì á wá tẹlifóònù lọ. Ọdún 1933 ni Bayonne, ní New Jersey, fún àwọn ọlọ́pàá tirẹ̀ ní èyí tó lè fèsì láti inú ọkọ̀. Ìdáhùn ni gbogbo làálàá yẹn dá lé. Olóyè wá ra ẹ̀rọ ìdáhùn, ó sì ń lé orin nínú rẹ̀ láìní elégbè kan.

Rédíò náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Australia ló ti wá, nínú ẹrù tòkunbọ̀. Lọ́hùn-ún, láti 1977, ojú ìgbì tó yí 477 ká jẹ́ ti ará ìlú. Ìkànnì 80 ló wà níbẹ̀ báyìí; àwọn awakọ̀ àjàgbé ń pàdé lórí 40, wọ́n sì fi 5 àti 35 sílẹ̀ fún pàjáwìrì. Nínú aginjù wọn, ènìyàn lè wakọ̀ lọ títí láìrí òpó fóònù kan, ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì nìkan sì ni aládùúgbò tó ní. Ẹ gbé rédíò kan náà dé Nàìjíríà, ó di ẹni tó wọ ilẹ̀ onílẹ̀, torí ìgbì tẹlifíṣọ̀n ni 470 sókè níbí. Àjọ NCC tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀, tó ti wà láti 1992, ló yẹ kí ènìyàn tọ̀ lọ, kí wọ́n yan ojú ìgbì tirẹ̀ fún un, kí wọ́n sì fún un níwèé àṣẹ. Rìwáyà sọ èyí náà. Olóyè ní òun mọ ẹnìkan níbẹ̀.

Síbẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún Olóyè ju àwọn kan lọ, torí ó kéré tán, ó ra rédíò. Áńténà nìkan ni ti àwọn mìíràn, wáyà rẹ̀ parí sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tí kò ti kan ohunkóhun. Òmíràn ra ike onírìísí ìyẹ́ ẹja, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òrùlé, inú rẹ̀ sì ṣófo. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kan á lọ, òmíràn á dé, olúkúlùkù á sì kìlọ̀ nípa síréènì àti nọ́ńbà ọkọ̀ bíbò. N ò tíì gbọ́ kí ẹnìkan kìlọ̀ nípa ìyẹ́ ẹja.

Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, Olóyè rí ẹnìkejì. Àna rẹ̀ náà so rédíò. Ní Sátidé kan, wọ́n jọ gbéra láti Èkó lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìjẹ̀bú-Òde, jíìpù méjì, àna níwájú, Olóyè lẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, àwá ni wọ́n lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe kọjá Bẹ́ẹ́gà, Olóyè tẹ bọ́tìnnì: “Àna mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” Àna rẹ̀ náà ń tẹ tirẹ̀ lọ́wọ́ kan náà. 477 ni ti Olóyè, 150 ni ti àna. Wọn ì bá tẹ̀ ẹ́ di alẹ́, wọn kò ní pàdé. Olóyè mú fóònù, fóònù kò wọlé. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ já àárín wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa dé oríta Ṣàgámù, a ò rí àna mọ́. Awakọ̀ yí dígí sílẹ̀, ó pe ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà.

“Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé jíìpù dúdú kan tó ní áńténà gígùn níwájú kọjá níbí?”

Ìyá náà wo áńténà tiwọn, ó wo títì.

“Èwo nínú wọn?”