Ẹtà Tí Mo Sọ ní Málọmọ́

Màmá ẹlẹ́ran ìgbẹ́ tó ta ẹtà fún mi lójú ọ̀nà ti kìlọ̀: "Ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ sìn ín o. Ẹ sè é." Èmi tí mo gbọ́n ju gbogbo ọjà lọ, mo wo ọmọ ẹtà nínú apẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú bí ẹni lé tìróò kọjá ààlà, àánú ṣe mí. Mo ní bí ológbò náà ni. Kó má baà sá, mo sọ ọ́ lórúkọ àbíkú: Málọmọ́.

Ẹran òru ni ẹtà. Tójúmọ́ bá mọ́, á sùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Témi bá ti ń hanrun, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkòkò ilé ìdáná lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í sì í ṣu káàkiri. Ojú kan ló máa ń yàn, ibẹ̀ náà ni yóò máa padà sí. Ẹnu ọ̀nà bàbá onílé ni Málọmọ́ yàn.

Òórùn ńkọ́? Àpò kékeré kan wà nítòsí ìdí ẹtà tó ń sun ohun bí òróró. Ibi tó bá ti sọ di tirẹ̀ ló ń fi í pa. Ó pa á mọ́ férémù ilẹ̀kùn, ó pa á mọ́ àga, ó pa á mọ́ báàgì ìyá ìyàwó mi. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé ní Ethiopia, wọ́n ń ha á tà fún àwọn tó ń ṣe lọ́fínńdà. Ìyàwó mi di imú mú: "Dádì Tọ́lá, èló lowó mọ́tò dé Ethiopia?"

Ni mo bá ní màá wẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí omi kàn án, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde láti ọrùn dé ìrù, ẹran tí mo gbé wọ balùwẹ̀ di ìlọ́po méjì. Mo yíjú sí ilẹ̀kùn. Èmi náà ni mo tì í. Àtàǹpàkò mi ló kọ́kọ́ mọ bí eyín rẹ̀ ṣe mú tó.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi mí: "Ajá ni?" "Rárá o." "Ológbò?" "Ó tì." "Kí ló wá gé yín jẹ?" Mo dáhùn. Ó ní kí n dúró, ó lọ pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí n tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Àlàáfíà Málọmọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Mo fẹ́ tú u sílẹ̀ sígbó, ọdẹ kan ní ẹran tí a fi wàrà tọ́ nínú ilé kò mọ ìgbẹ́ mọ́, ajá ni yóò pa á. Mo gbé e lọ sí ọgbà ẹranko. Ọkùnrin tó gbà á béèrè orúkọ rẹ̀, mo sọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó: "Ẹ̀yin lẹ ní kó má lọ mọ́, ẹ̀yin náà lẹ gbé e wá?"

Ẹtà lọ lóòótọ́. Òórùn rẹ̀ tó ṣẹ́ kù lára férémù ilẹ̀kùn wa ló ń jẹ́ Málọmọ́ báyìí.