Oríkì Wíìgì Tuntun Lórí Ewú

Wíìgì tuntun ni àwọn lọ́yà Nàìjíríà ń pe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè sí iṣẹ́ òfin, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún 23, ìbáà jẹ́ bàbá tó ti ní ọmọ-ọmọ. Orúkọ kan náà ni irun tó wà lórí rẹ̀ ń jẹ́: irun ẹṣin funfun tí wọ́n ká róbótó-róbótó, tí ìrù kékeré méjì so mọ́ lẹ́yìn. Ọba irun ni. Irun tí kò hù lórí ẹnikẹ́ni, tó ń fojú irun tó hù lórí ẹni gbolẹ̀. Asọ-bàbá-dọmọ-ọwọ́. Ajowó-ilé-ẹ̀kọ́-má-bì. Kò sí ibi tí oríkì yìí ti yẹ ẹ́ tó agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, níbi tí tíṣà, òṣìṣẹ́ báńkì tó ti fẹ̀yìn tì àti ìyá ọlọ́jà Ìkòtún pàápàá ti ń gbé e lé ewú.

Ìlú London ni orírun rẹ̀. Ní 1822 ni Humphrey Ravenscroft gba ìwé-àṣẹ lórí irú èyí tí a mọ̀ lónìí, tí kò béèrè pé kí a máa fi àtíkè kùn ún bíi ti ayé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú àwọn tó bí i: ní 2008, àwọn ilé-ẹjọ́ England àti Wales yọ ọ́ kúrò nínú ẹjọ́ ìdílé àti ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Nàìjíríà kò bá wọn dá sí i. Àtọ̀húnrìnwá tí ará ilé rẹ̀ ti lé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó wá di olórí ilé ní kóòtù Ìkẹjà, tó ń jókòó pẹ̀sẹ̀ nínú ooru tí ẹṣin tó ni irun ọ̀hún ì bá sá fún.

Kó tó gun orí ẹnikẹ́ni, ó ní ètùtù tó ń gbà. Ọdún 5 ni ẹni tó gba ìdánwò JAMB wọlé ń lò lórí oyè òfin. Ẹni tó ti ní oyè mìíràn tẹ́lẹ̀ lè lo 4. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bí ọdún kan ní Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà, èyí tó fi akẹ́kọ̀ọ́ 8 bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1963, tí olú rẹ̀ sì wà ní Bwari, Abuja, báyìí. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ọ̀jọ́ kò jìnnà sí Ìgandò, ṣùgbọ́n ẹni tó ní iṣẹ́ ojúmọ́, tó sì ń san owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta, kò lè máa jókòó gba ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi lọ sí NOUN, yunifásítì tí ènìyàn lè kàwé níbẹ̀ láti ilé. Irun ọlọ́lá kò kọ́kọ́ fẹ́ràn ìyẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin kò gba àwọn tó kàwé òfin ní NOUN, oyè ń bẹ lọ́wọ́, ọ̀nà kò sí, títí ìjọba fi tún òfin yunifásítì náà ṣe ní 2018. Onísùúrù ni Wíìgì, kì í kánjú. Orí tó fẹ́ gùn ni ń pá.

Nínú ètùtù yìí kan náà ni oúnjẹ alẹ́ wà. Dandan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ dúdú àti funfun, kó jókòó ti tábìlì pẹ̀lú àwọn àgbà agbẹjọ́rò, kó sì jẹun bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ní London. Bàbá tó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé iyán fún àádọ́ta ọdún á wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń di fọ́ọ̀kì mú. Ti àgùnbánirọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń fi ọdún ìsìnrú-ìlú wọn kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà. Ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó jáde ní yunifásítì kì í sìn ín. Ìwé kan ni wọ́n ń fún un, tó ń ṣàlàyé pé ó ti dàgbà jù. Ìwé ìjọba àkọ́kọ́ nìyẹn tí Wíìgì fi ń kí i káàbọ̀.

Iṣẹ́ ìyanu rẹ̀ tó ga jù lọ ni pé ó ń tún ọjọ́ orí kà. Ní ilé Yorùbá, ẹni tó kọ́kọ́ rí oòrùn ni ẹ̀gbọ́n. Ní kóòtù, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ wọ ìwé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ni ẹ̀gbọ́n, òfin àwọn agbẹjọ́rò ló sì sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn SAN (Senior Advocate of Nigeria) ló ni ìjókòó iwájú, ẹjọ́ wọn ni adájọ́ ń kọ́kọ́ pè. Àwọn yòókù á tẹ̀ lé wọn bí ọdún wọn nídìí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó, wíìgì tuntun á sì wà lẹ́yìn pátápátá, ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Níbí, orí àgbà ló wọ́, ọmọ àná ló sì ń bá a tún un ṣe.

Ìran rẹ̀ dùn ún wò láàárọ̀ ní Ìkẹjà. Bàbá ewú á dé, ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà á kan sáárá sí i, akọ̀wé kóòtù á dìde, wọ́n ti rò pé adájọ́ tó fẹ̀yìn tì ni. Ẹnìkan á wá béèrè ọdún tí wọ́n pè é. Ọdún tó kọjá. Akọ̀wé á tún jókòó. Ní ọ́fíìsì, ọ̀gá rẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ọdún 31, ọmọlúàbí tí kò gbàgbé ilé: “Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sáré gbé fáìlì yìí dé kóòtù.” Dádì náà á ní, “Ó ti yé mi, sà.” Ẹnu ọ̀gá ń bu ọlá, ẹsẹ̀ Dádì ń sáré. Owó oṣù tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá lè má tó owó ọkọ̀ láti Ẹgbẹ́dá. Ẹni tó tilẹ̀ rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣorí ire, nítorí ọ̀pọ̀ ìkéde iṣẹ́ ló ń wá ẹni tí kò ì dàgbà.

Kò tán síbẹ̀. Òjòwú ni Wíìgì, kò fẹ́ orogún. Ìlànà ìwà àwọn agbẹjọ́rò sọ pé lọ́yà kò gbọ́dọ̀ máa ra ọjà kó máa tà á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ òfin. Nítorí náà, òwò sìmẹ́ńtì tó san owó ilé-ẹ̀kọ́, tó bọ́ ilé, tó ra wíìgì fúnra rẹ̀, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ ní kó kúrò nílé. Akọ-ìyálé-kó-tó-jókòó.

Ẹni tí gbogbo ẹbí fi ń tu àwọn wíìgì tuntun olórí ewú nínú ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ìtùnú náà kì í ṣe irọ́. Wọ́n bí i ní 1909. Ó ti ṣe tíṣà, akọ̀wé, oníròyìn àti oníṣòwò ọkọ̀ kó tó lọ sí London ní 1944, ó sì di lọ́yà ní 1946, lẹ́ni ọdún 37. Ohun tí ẹbí kì í rántí ni pé lọ́yà ò pọ̀ nígbà náà. Àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí, Sapara Williams, gba tirẹ̀ ní 1879. Lónìí orúkọ tó wà nínú ìwé ti lé ní 100,000, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì ń kún un lọ́dọọdún. Àti pé ẹni ọdún 37, lójú wíìgì tuntun àwọn ará Ìkòtún, ọmọdé ni.

Ibì kan ṣoṣo ni agbára Wíìgì kò dé, ibẹ̀ náà ni ilé. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni ayálégbé, onílẹ̀ àti ẹni tó ra ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú ẹlòmíràn. Òfin ilé yíyá ti Èkó ti 2011 yọ Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, kò yọ Alímọ̀ṣọ́. Ó ní kí láńlọ́ọ̀dù má gba ju owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì fún ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún ní oṣù 6 kó tó kó jáde, bí àdéhùn wọn kò bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹni tó ti gba ìwé kúròńlé rí, tó sì ti já a fún ẹlòmíràn rí, mọ ìtumọ̀ oṣù mẹ́fà ju ọmọ tó kà á nínú ìwé lọ. Ewú ni àwọn oníbàárà ń wò. Wọ́n gbà pé ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ro ẹjọ́. Ó yẹ kó sọ òtítọ́ fún wọn. Ó máa ń gbàgbé nígbà mìíràn. Àdéhùn ilé àti ìwé ilẹ̀ ló ń bọ́ ọ, wíìgì kò sì sí nínú ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, wíìgì á wọ inú ọ̀rá, ọ̀rá á wọ inú báàgì, bàbá á sì dúró de ọkọ̀ Ìkòtún pẹ̀lú èrò. Kọ̀ńdọ́ á máa pariwo pé kí wọ́n wọlé pẹ̀lú ṣéńjì wọn. Bí ojú rẹ̀ bá kan ewú, á ti ọ̀dọ́kùnrin kan tó fẹ́ gun iwájú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Bàbá, ẹ jókòó síwájú.”