Ta Ló Ń Lé Yín?

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í sáré inú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé e. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ asáré-gòkè Abẹ́òkúta, mo wo iwájú yín, mo wo ẹ̀yìn yín, n ò rí ejò kankan. Ta wá ni ó ń lé yín láàárọ̀ kùtù Sátidé, láti Pánṣẹ́kẹ́ dé Ìtòkò?

Àwọn baba wa náà sáré, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Ní ọdún 1830, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó Ẹ̀gbá kúrò lápá Ìbàdàn, ogun ń bẹ lẹ́yìn ọkọ, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn ìyàwó, ẹrù ń bẹ lórí gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ Olúmọ, wọ́n jókòó. Kò sẹ́ni tó wo aago ọwọ́ nínú wọn láti mọ iye ìṣísẹ̀ tó ti gbé. Ibi tí baba yín ti sinmi gan-an ni ẹ̀yin wá ń sáré gbà kọjá! Orí àpáta náà fi mítà 137 ga ju ìtẹ́jú òkun lọ, wọ́n sì ti gbé líìfù sí i fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ẹ ní líìfù kọ́, ẹsẹ̀ ni. Kámẹ́rà kọjú sí yín, ẹ sáré. Kámẹ́rà wọ àpò, ẹ tò síwájú líìfù.

Ẹ jẹ́ ká wo alága yín dáadáa. Ṣòkòtò rẹ̀ fún mọ́ ọn débi pé bó bá ki kọ́bọ̀ bọ àpò, ẹni tó dúró lókèèrè á ka ọdún tí wọ́n rọ ọ́. Ó gbé omi kọ́ ẹ̀yìn, ó wá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà á wá sẹ́nu, nítorí wọ́n ní asáré kì í dúró mumi. Nínú àpò kan náà, lábẹ́ omi, àkàrà wà níbẹ̀. Òróró rẹ̀ ti ya máàpù Nàìjíríà sí i lẹ́yìn ẹ̀wù.

Olúmọ ò wá tó ẹgbẹ́ yìí mọ́. Wọ́n ní Ìyákẹ́ ló kù, adágún orí òkè Adó-Àwáyè, lápá Ìsẹ́yìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn tó ń polówó òkè náà ní méjì péré irú rẹ̀ ló wà láyé, pé Hanging Lake ní Colorado, Amẹ́ríkà, ni ìkejì. N ò bá wọn ka adágún ayé o. Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ méjèèjì ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ní Amẹ́ríkà, láti 2019, ẹ ó ti sanwó gba àyè sílẹ̀ kí ẹ tó gòkè; ajá ò gbọdọ̀ bá yín lọ, ẹ ò sì gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ìyákẹ́ ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ pátákó. Wọ́n kàn ní ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde. Ọmọ Ẹ̀gbá tí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Kútọ̀ ò lè dá dúró, ó gbọ́ gbólóhùn kan yìí, ó fà sẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ tún okùn bàtà so.

Kí wọ́n tó dé ìdí omi ṣá, àtẹ̀gùn wà níwájú. Wọ́n ní 369 ni. Alága fi eré bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tó ogójì, ó ní òun fẹ́ dúró wo ẹwà ìṣẹ̀dá. Nígbà tó di ọgọ́rùn-ún, ìṣẹ̀dá tún rẹwà sí i, ó jókòó tì í. Ó wá ń fohùn jẹ́jẹ́ bi ọmọ tó ń mú wọn lọ bóyá ọ̀kadà lè dé òkè. Sálúbàtà lọmọ yẹn wọ̀, kò làágùn, ó ti ń sọ ìtàn Ìṣàgẹ̀, òkúta ńlá tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí kò ṣubú títí dòní. Alága wo òkúta náà títí, ó ní, "Báwo lo ṣe ń ṣe é?" Ibẹ̀ ni màmá kan tó ru igi ìdáná ti kọjá lára wọn. Ó wo ẹ̀wù eré, ó wo bàtà eré, ó ní, "Ẹ kú ìsinmi o."

Wọ́n padà dé òkè. Ẹ ti rí fọ́tò náà: gbogbo wọn fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, eyín níta, Ìyákẹ́ lẹ́yìn wọn. Alága nìkan ni kò fò. Ó ní ọ̀gá kì í fò.

Dọ́kítà ló kúkú ní kó máa sáré kí ikùn lè wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nídìí láfún àti ewédú ní Láfẹ́nwá, ikùn padà sípò. Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, 369 ti di ẹgbẹ̀rún kan lẹ́nu rẹ̀, àwọn ará ọ́fíìsì sì ń pàtẹ́wọ́ fún un, títí akọ̀wé fi wí pé fáìlì wọn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Alága wo àtẹ̀gùn náà, àtẹ̀gùn méjìlá. Ó ní kí wọ́n rán ọmọdé.