Bí Mo Ṣe Lé Olè Dé Bódìjà

Bí ènìyàn bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ olùkọ́, tí ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ojú pátákó títí irun orí rẹ̀ fi gba àwọ̀ ṣọ́ọ̀kì náà, tí àwọn ọmọ tí ó ti nà ní pàṣán rí sì ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ ìjọba, ohun kan wà tí í máa bọ́ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìfura, èyí nì ni agbára àtiwí pé, “Èmi kò mọ èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.” Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, Àkànní ọmọ Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, agbára náà ti bọ́ lọ́wọ́ mi tipẹ́tipẹ́ kí fóònù tó bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi obìnrin ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún mi, tí ó sì fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n jókòó kí òun fi bí wọ́n ti ń lò ó hàn mí, mo bi í léèrè pé ta ni ó kọ́ ọ ní A, B, D. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Fóònù tí mo wí yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ fóònù. Abojú-gbàgàdà ni, a-gbọ́-ti-Lọ́ńdọ̀nù-ní-Àkóbọ̀, arìnrìn-àjò-láìkúrò-lápò, ọ̀rọ̀-kì-í-há-a-lọ́fun-àfi-bí-dátà-bá-tán. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo gbé e lọ sí ìpàdé àwa olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, mo pa á lẹ́nu mọ́ kí ó má baà dún nígbà tí alága bá ń sọ̀rọ̀, láti ibẹ̀ ni mo sì ti lọ pàdé ìyàwó mi ní ọjà Bódìjà láti ra iṣu, tèmi ti báàgì kọ̀ǹpútà mi ní èjìká, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti ní báàgì náà ni n kò ti rí ìdí tí ó fi yẹ kí ojú ayé má rí i. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, fóònù di àwátì. Mo tú bẹ́ẹ̀dì, mo tú àpótí aṣọ, mo tú agbọ̀n iṣu. Ìyàwó mi fi tirẹ̀ pè é: ó ń dún, ṣùgbọ́n ẹnìkan kò gbé e. Bí mo ti gbọ́ pé ó ń dún tí ẹnìkan kò gbé e ni mo dá ẹjọ́ náà lójú ẹsẹ̀: olè ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, olè náà sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

“Bàbá Fúnmi,” ni ìyàwó mi wí, “ẹ ò ṣe jẹ́ ká wo inú báàgì yín ná?”

“Ìyá Fúnmi,” ni mo dá a lóhùn, “ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tí à ń fi ọwọ́ wá. Kọ̀ǹpútà ni yóò wá a.”

N kò purọ́. Kọ̀ǹpútà lè wá fóònù. Láti ọdún 2013 ni Google ti ṣe ojú ewé kan fún àwọn tí ń lo Android, tí ó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá fi orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wọlé láti orí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí, gbogbo ẹ̀rọ tí ó so mọ́ orúkọ náà yóò tò síwájú rẹ̀, àwòrán ilẹ̀ yóò sì fi ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà hàn án. Àwọn tí ń lo fóònù Apple ti ní tiwọn ṣáájú ìgbà náà, láti 2009. Ìmọ̀ yìí ni mo ní. Sùúrù láti ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán ni n kò ní.

Dátà MiFi mi, ẹ̀rọ kékeré tí ń fún kọ̀ǹpútà mi ní íntánẹ́ẹ̀tì, ti tán, mo sì yá íntánẹ́ẹ̀tì lára fóònù ìyàwó mi. Ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ yọjú ni mo tẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ yí bírí, ó gúnlẹ̀ sí Ìlọrin. Ìlọrin! Olè tí ó jí fóònù n'Ìbàdàn lálẹ́ àná ti ń jẹun àárọ̀ n'Ìlọrin! Kíá ni mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ń kàwé níbẹ̀, mo ní, “Kọ́lá, olè kan wà ládùúgbò yín, fóònù mi ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Jáde síta, kí o máa ṣọ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀.” Ọmọ rere ni Kọ́lá. Ó jáde, ó ń yí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà po, èmi náà sì jókòó sí Àkóbọ̀, mo ń wo bí àmì ti ń rìn lórí àwòrán, mò ń ké pé, “Ó ti yà sẹ́yìn ilé! Ó ti dé ẹnu géètì! Ó dúró!”

“Bàbá, ẹnu géètì yẹn lèmi náà dúró sí.”

“Gbá a mú nígbà náà!”

Ìyàwó mi ni ó rántí pé fóònù tí Kọ́lá fi ń dá mi lóhùn ni ògbólógbòó èyí tí mo fi ta á lọ́rẹ nígbà Kérésì, tí n kò sì yọ orúkọ mi kúrò lára rẹ̀. Mo sọ fún Kọ́lá pé kí ó máa lọ sùn.

Ẹ̀rọ kejì ni tèmi gan-an. Bódìjà ni àmì rẹ̀ wà, òbìrìkítí ńlá kan sì yí i ká, tí ó kó ìsọ̀ aláta, ìsọ̀ oníṣu àti apá kan títì pọ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí wínníwínní pé ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn, ìyẹn àkókò tí dátà orí rẹ̀ tán níbi tí mo ti ń ná iṣu. Ṣùgbọ́n Bódìjà nìkan ni ojú mi rí. Kọ̀ǹpútà náà bi mí bóyá n ó ti fóònù náà pa, kí n sì kọ ọ̀rọ̀ kan sí ojú rẹ̀ tí ẹni tí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò kà. Mo rò pé ohun tí àwọn tí ó ṣe é ní lọ́kàn ni pé kí ènìyàn fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n bá òun dá a padà. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ohun tí mo kọ nìyí: “Ìwọ olè aláìnítìjú, ìbáà ṣe èwe, ìbáà ṣe arúgbó, mo ti rí ọ. Ìyà tí ó tọ́ sí ọ kò ní í tàsé rẹ lónìí.” Mo fi nọ́ńbà ìyàwó mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ronú pìwà dà. Níwọ̀n bí fóònù náà kò sì ti ní kọ́kọ́rọ́ kankan tẹ́lẹ̀, mo ronú pásíwọ́ọ̀dù kan tí ó díjú tó bẹ́ẹ̀ tí olè kankan láyé kò fi ní í lè mọ̀ ọ́n. Mo wọ agbádá, mo gbé báàgì kọ́ èjìká, mo jáde.

Ní Àkóbọ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ Micra. Wọ́n há mi mọ́ obìnrin kan tí ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, ọmọ ilé-ìwé kan, àti ọkùnrin kan tí ó dé fìlà, tí ó gbé ọ̀rá dúdú kan lé itan, tí ó sì di ẹnu rẹ̀ mú gírígírí. Nígbà tí a dé Baṣọ̀run, mo ra dátà sí MiFi, mo ṣí kọ̀ǹpútà lórí eékún mi, mo tún àwòrán náà tẹ̀. Àmì fò kúrò ní Bódìjà, ó balẹ̀ sí Baṣọ̀run. Àyà mi já: olè náà ń bọ̀ wá ko mí lójú! A ṣí, mo tún un tẹ̀, ó ti wà lọ́nà Àṣí. Mo yọjú wòta, ọ̀nà Àṣí ni àwa náà wà. Mo ní kí awakọ̀ tẹná mọ́ ọn. Ó tẹná mọ́ ọn, àmì náà tẹná mọ́ ọn. Awakọ̀ dúró de ẹnìkan kí ó sọ̀, olè mi náà dúró dè é. Awakọ̀ wò mí nínú dígí, ó ní, “Bàbá, ṣé kì í ṣe inú mọ́tò yìí ni olè yín wà báyìí?”

Ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣe. Èmi kò gbà á bẹ́ẹ̀. Mo yíjú sí ọkùnrin onífìlà. Kí ni ó ń dì mú tó bẹ́ẹ̀ yẹn? Kí ni ó fà á tí kò fi wo ojú mi? Bí mo ti ń wò ó náà ni ojú rẹ̀ ń di ojú olè. (Ojú ẹnikẹ́ni tí ènìyàn bá fi irú ọkàn tí mo ní lọ́jọ́ náà wò pẹ́ títí ni yóò di ojú olè, mo ti wo tèmi bẹ́ẹ̀ nínú dígí lẹ́yìn náà.)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó kúrò nílé. Àwọn sátẹ́láìtì tí ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rán sójú òfuurufú láti 1978 ń yí ayé po ní ibi tí ó ga ju 20,000 kìlómítà lọ, aago tí kì í tàsé sì ń bẹ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọn kò mọ fóònù ẹnikẹ́ni, wọn kò sì ń wo olè kankan. Àkókò ni wọ́n ń ké sílẹ̀. Fóònù ni í gbọ́ igbe mẹ́rin, ó kéré tán, tí í fi ìyàtọ̀ àárín wọn ṣírò ibi tí òun wà, tí í sì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ síta. Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni ìjọba náà ń mọ̀ọ́mọ̀ da ìṣirò náà rú fún àwa ará ìlú. Láti ìgbà náà, bí ojú ọ̀run bá ṣí, fóònù lè mọ ibi tí ó wà láìtàsé ju nǹkan bíi mítà 5 lọ. Bí ó bá wà lábẹ́ páànù, Wi-Fi àti òpó tẹlifóònù tí ó wà nítòsí ni yóò fi méfò, méfò náà ni í sì di òbìrìkítí. Kọ̀ǹpútà kò wí fún mi rárá pé, “Olè rẹ nìyí.” Ohun tí ó wí ni pé, “Níhìn-ín ni fóònù rẹ ti bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.” Bí fóònù tí kò ní dátà ṣe wá di ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lójijì ní Baṣọ̀run, ọmọ ilé-ìwé tí ó jókòó tì mí ìbá ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí mo bá bi í: MiFi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn ni ó rí, wọ́n sì ti mọ ara wọn tẹ́lẹ̀.

Ọkùnrin onífìlà sọ̀ ní Bódìjà, mo sọ̀ tẹ̀lé e. Ó yà sí ìsọ̀ oníṣu, mo yà. Mo gbé kọ̀ǹpútà ka orí àpò gàrí kan, mo tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀ bí mo bá fẹ́ kí fóònù dún. Wọ́n ṣe é débi pé, bí ènìyàn tilẹ̀ ti pa fóònù lẹ́nu mọ́, yóò fi gbogbo ohùn rẹ̀ ké fún ìṣẹ́jú 5 gbáko, ìṣẹ́jú 5 kì í sì í ṣe kékeré láàárín ọjà. Igbe ta. Ìtòsí ni! Mo fò, agbádá mi ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀, mo di ọrùn bùbá ọkùnrin náà mú, bọ́tìnnì já, mo ní, “Ọwọ́ tẹ̀ ọ́! Gbé e sílẹ̀!”

“Bàbá, kí ni mo ṣe?”

“O ò gbọ́ bó ti ń ké lápò rẹ ni?”

Ẹ̀rù bà á, ó tú ẹnu ọ̀rá náà sílẹ̀. Ògì ni. Ògì tútù, tí ìyàwó rẹ̀ ní kí ó gbé lọ fún ìyá òun, ṣàn sí ojú bàtà mi, igbe kò sì dáwọ́ dúró. Ọmọdébìnrin alábàárù kan gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ etí sí ìhà mi, ó ní, “Bàbá, báàgì yín ló ń ké.”

Ẹ má wulẹ̀ pa òwe Sókótó fún mi. Àwọn oníṣu Bódìjà ti pa á tán lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò rántí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pa ìparí rẹ̀.

Ìbá dára bí ó bá mọ síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fa fóònù náà yọ láti inú àpò ẹ̀yìn báàgì, níbi tí èmi fúnra mi fi í pamọ́ sí nítorí àwọn jáwójáwó, ó sì ka ohun tí ó wà lójú rẹ̀ sókè. Ohùn rẹ̀ là ketekete, ó dúró níbi tí ó yẹ kó dúró. Olùkọ́ tí ó kọ́ ọ kò jẹ owó ìjọba lásán. Nígbà tí ó dé “ìbáà ṣe arúgbó,” gbogbo ọjà wo irun orí mi. Mo ní èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n ní, “Sí ara yín?” Wọ́n ní kí n ṣí i bó bá jẹ́ tèmi. Mo gbà á, mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀: pásíwọ́ọ̀dù tí olè kankan kò lè mọ̀, èmi náà kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ìyá oníṣu kan mi orí, ó ní, “Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Orí àgbà rèé tó wọ́ yìí.” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá pe nọ́ńbà tí ó wà lójú fóònù.

“Mọ́mì, a ti mú olè tó gbé fóònù yín o. Bàbá arúgbó ni, ó wọ agbádá.”

Mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi yékéyéké. “Ẹ má jẹ́ kó lọ o! Ọkọ mi wà ní Bódìjà yẹn, ẹ bá mi pè é kó wá wò ó!”

Wọ́n fi mí jókòó lórí àpótí láàárín ọ̀dọ́mọkùnrin méjì títí ìyàwó mi fi dé. N kò bínú sí wọn. Níbi tí mo jókòó sí ni ẹ̀rù ti wá bà mí, kì í sì í ṣe nítorí ara mi. Ní ọjà wa, igbe “olè” kì í dúró gbọ́ àwíjàre. Ká ní báàgì mi dákẹ́, ká ní ariwo náà pa igbe rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ni wọn ì bá fi ọkùnrin ológì náà ṣe nítorí ẹnu àgbàlagbà tó wọ agbádá? Ìwà yìí kò mọ sí Ìbàdàn. Ní North Las Vegas l'Amẹ́ríkà, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin kan ní 2013, tí àwọn tí wọ́n sọ fóònù nù ń wá kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ lóru nítorí pé ilé rẹ̀ ni àwòrán ń tọ́ka sí, títí tí ó fi gbé pátákó kọ́ ìta pé fóònù ẹnikẹ́ni kò sí lọ́wọ́ òun. Ní oko kan lẹ́bàá Potwin ní Kansas, ti àwọn tí ń gbé ibẹ̀ tún burú jù: àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tí ó lé ní 600 mílíọ̀nù, tí wọn kò mọ ibi pàtó tí wọ́n wà ju pé Amẹ́ríkà ni, ni wọ́n kó jọ sójú kan náà tó bọ́ sí oko wọn, tí ọlọ́pàá àti ẹni tí wọ́n jà lólè fi ń ya wọ̀ wọ́n fún ọdún púpọ̀, kí ìwé ìròyìn tó tú àṣírí rẹ̀ ní 2016. Àwọn tí ń kan ìlẹ̀kùn wọ̀nyẹn, ó dá mi lójú pé ọkàn wọn balẹ̀ bí tèmi ti balẹ̀ lọ́nà Àṣí.

Ìyàwó mi sọ̀ lórí ọ̀kadà, ó ya èrò, ó rí mi, ó rí ògì. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí fún wọn pé, “Ẹ ṣeun. Òun náà ni. Tèmi ni.” Mo bẹ ọkùnrin onífìlà, mo sanwó ògì, mo sanwó bọ́tìnnì, mo sì ra iṣu ní iye tí wọ́n pè é láìná an, èyí tí n kò ṣe rí láyé mi.

A gba ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún fóònù ṣe kọjá kí wọ́n lè bá wa ṣí i. Ọmọkùnrin tí ó wà níbẹ̀ gbà á tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó tan iná rẹ̀, ó ka ohun tí ó wà lójú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rọra gbé e sí apá ọ̀dọ̀ tirẹ̀ lórí tábìlì, ó wò mí láti orí fìlà dé ojú bàtà tí ògì ti gbẹ sí.

“Bàbá,” ó ní, “ẹ má bínú o. Rìsíìtì ẹ̀ dà?”