Bàbá Lándílọ́ọ̀dù Lọ Jẹ́rìí

Bàbá Lándílọ́ọ̀dù wa ò mọ̀ pé èèyàn kankan láyé lè dá ọ̀rọ̀ mọ́ òun lẹ́nu. Nílé, bó bá ti lanu báyìí, wákàtí kan á kọjá, ìtàn ò ní tíì dé ibi tí wọ́n ti bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ni wọ́n wá pè bí ẹlẹ́rìí sí kóòtù májísíréètì, nítorí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n jí gbé ládùúgbò.

Inú bàbá dùn. Ó ti lọ kóòtù ìbílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta rí nítorí ìyàwó (ẹ má bi mí pé èwo), wọ́n sì jẹ́ kó rojọ́ tẹ́rùn. Kò mọ̀ pé Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 fúnra rẹ̀, ní abala 256, yọ irú ẹjọ́ ilé bẹ́ẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ti májísíréètì, ọ̀tọ̀ ni.

Agbádá aṣọ òkè, fìlà abetí ajá, ó wọ àpótí ẹlẹ́rìí bí ọba tó gorí ìtẹ́. Ó fẹnu kan irin, ó búra. Agbefọ́ba bẹ̀rẹ̀: "Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ rí ọkùnrin yìí tó gbé jẹnẹrétọ̀ lórí láago méjì òru?"

"Objection!" Lọ́yà olùjẹ́jọ́ ti fò dìde.

"Àmín!" ni bàbá dáhùn. Ó ṣebí àdúrà ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo fíìmù, ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe kéèyàn kàn pariwo kó nàka, kí adájọ́ sì fi òòlù onígi lu tábìlì. Adájọ́ Nàìjíríà kì í lo òòlù, káfíńtà kọ́. Ẹni tó bá tako ìbéèrè gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Ìdí tibí ni pé agbefọ́ba ti ki ìdáhùn bọ bàbá lẹ́nu, bí ìyá tó ń rọ ọmọ lágbo. Abala 221 ò gba ìyẹn lẹ́nu ẹni tó pe ẹlẹ́rìí, àfi bí adájọ́ bá yọ̀ǹda. Lọ́yà kejì ló láǹfààní ẹ̀, tó bá kàn án láti wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí.

"Bàbá, kí lẹ rí?"

Bàbá wúkọ́. "Ìyàwó mi ní Ìyá Ẹlẹ́kọ sọ fóun pé ọmọ òun rí..."

"Objection!"

Àgbọ́sọ ni, abala 38 sì ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìyá Ẹlẹ́kọ ò sí ní kóòtù, ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwé. Ta ni lọ́yà fẹ́ bi bóyá iná wà lóru ọjọ́ náà? Abala 126 là á mọ́lẹ̀: ohun tí wọ́n fojú rí, ẹni tó rí i ni kó wá sọ ọ́. Bàbá tẹjú mọ́ adájọ́. "Olúwa mi, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ìyàwó mi ń purọ́ ni?" Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ fún wa láti ọgbọ̀n ọdún!

Òfin náà láàánú díẹ̀. Abala 40 gba ọ̀rọ̀ ẹni tó gbà pé ikú ti dé tán, nípa ohun tó ṣekú pa á, bí ẹjọ́ bá dá lórí ikú rẹ̀. Àmọ́ ara Ìyá Ẹlẹ́kọ le koko.

Bàbá yíwọ́ padà. "Olè ni. Bàbá rẹ̀ jí ewúrẹ́ lọ́dún 1978." Objection. Ìwà burúkú olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀, abala 82 kì í sábà jẹ́ kó wọlé, áḿbọ̀sì ti bàbá rẹ̀. Ewúrẹ́ ọ̀hún, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó bí ọmọ yìí.

Ló bá yọ fóònù. Fídíò wà lórí WhatsApp. Wọ́n béèrè ìwé ẹ̀rí tí abala 84 ní kó tẹ̀ lé ohun tó bá ti inú ẹ̀rọ jáde. "Sàtífíkéètì? Ìwé mẹ́fà ni mo kà, tèmi wà nílé." Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 2012, nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson lórí ipò gómìnà Bayelsa, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí abala yìí kan náà. Àwọn lọ́yà yẹn sì ka ju ìwé mẹ́fà lọ.

Ó sú adájọ́. "Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín, kí lẹ fojú yín rí?"

"Èmi? Mo ń sùn."

Wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀, wọ́n sún ẹjọ́ di oṣù tó ń bọ̀. Bàbá ti ń rán agbádá mìíràn. A ò tíì rí ẹni tó máa sọ fún un pé wọn ò pè é mọ́.