Bàbá Píù-píù

Kò sí àdúgbò n'Ìbàdàn tí kò ní Bàbá Píù-píù tirẹ̀. Tàwọn ibòmíì lè máa wa Camry tàbí Golf. Honda Bulldog ọdún 1996 ni tiwa ń wa. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kì í ṣí láti ìta: ẹni tó bá fẹ́ wọlé á dúró kí ẹni inú ọkọ̀ bá a ṣí i. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, páálí ni wọ́n ká tí wọ́n fi há a, kó má baà rì sínú ilẹ̀kùn. Éésì ńkọ́? Ẹ má bèèrè. Ṣùgbọ́n rìmóòtù ń bẹ lọ́wọ́ bàbá.

Ẹ wo bó ṣe ń ti ọkọ̀. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, kì í tì í lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ò ládùn. Á kọ́kọ́ rìn jìnnà, á dé ìdí àtẹ ìyá oníbọ̀ọ̀lì, á kí wọn dáadáa, á bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ìgbà tó bá rí i pé èrò pé síbẹ̀ ni yóò gbọ́wọ́ sẹ́yìn, láìbojú wẹ̀yìn, bí ẹni tí ẹ̀yìn ń yún. Píù-píù! Iná mẹ́rin ló yẹ kó ṣẹ́jú. Mẹ́ta ló ṣẹ́ ẹ.

"Dádì, fóònù yín ń ké o," ni ìyá oníbọ̀ọ̀lì wí.

Inú bàbá dùn. Àyè àlàyé ti ṣí sílẹ̀.

Ararọ̀mí, ní Géètì, ló ti ra ẹrù náà: àpótí pẹlẹbẹ kan, mọ́tò kéékèèké mẹ́rin tí yóò máa fa ọ̀pá lọ́ọ̀kì sókè sódò, àti wáyà rẹpẹtẹ. Mọ́tò ilẹ̀kùn dírẹ́bà ní wáyà márùn-ún, torí òun lolórí, òun ló ń ránṣẹ́ sí ìyókù. Méjì-méjì ni tàwọn yẹn. Réwáyà tú ara ilẹ̀kùn, ó gba inú rọ́bà kó wáyà wọlé, ó so díẹ̀ mọ́ iná tíráfíkétọ̀.

"Ọ̀gá, áltánétọ̀ yín ò ṣáàjì bátìrì dáadáa mọ́ o. Àpótí yìí kì í sùn, tọ̀sán tòru ló ń fetí sí rìmóòtù. Á máa jẹ iná díẹ̀díẹ̀."

"Ìwọ ṣe èyí tí mo bẹ̀ ọ́."

Lọ́dún 1998 ni Mercedes-Benz gbé Keyless Go jáde nínú S-Class: káàdì á wà lápò olówó, yóò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó ti ṣí. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá, ṣe ló yínmú. Kí ni wọ́n wá náwó sí, nígbà tí kò sí bọ́tìnì tí wọn ó tẹ̀, tí ará ilé kejì ò sì ní gbọ́?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, níwájú gbọ̀ngàn ìnáwó, bátìrì kú. Bàbá nínú agbádá na rìmóòtù sí gíláàsì, ó nà án sí búùtù, ó gbé e sábẹ́ àgbọ̀n torí wọ́n ní ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ̀ọ́kán. Ihò kọ́kọ́rọ́ ti dógùn-ún láti ọjọ́ tí rìmóòtù ti dé. Ọmọ kan tó ń kiri omi inú ọ̀rá ló gbà wọ́n: ó tẹ gíláàsì sísàlẹ̀, páálí já bọ́, ó nawọ́ wọlé, ó fa lọ́ọ̀kì sókè. Ó ku díẹ̀ kí n bi bàbá pé ta ni wọ́n wá ń ti ọkọ̀ náà mọ́, àmọ́ mo rántí pé inú ẹ̀ ni mo fẹ́ bá délé.

Ọjọ́ Ajé, bàbá ti wà lọ́dọ̀ réwáyà. Ó gbọ́ pé bọ́tìnì kan wà tí wọ́n fi ń sítáàtì ọkọ̀, tí iná búlúù yí ká. Réwáyà họrí.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe áltánétọ̀."

"Áltánétọ̀ kẹ̀? Ta ni yóò rí ìyẹn?"