Nítorí Bọ́tà

Wọ́n ti tún gbé e dé. Last Tango in Paris, fíìmù ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ni Cinémathèque française ní Paris fẹ́ fi han èrò lóṣù Kejìlá 2024, wọ́n ní Marlon Brando, òṣèré inú rẹ̀, làwọn ń yẹ́ sí. Àwọn tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ obìnrin fárígá. Ni ilé sinimá bá ní kẹ́nikẹ́ni má bínú, àwọn ò ṣe mọ́. Kí ló dé? Ètò ààbò! Ẹ̀rù ìjà ló bà wọ́n o, ohun tó wà nínú fíìmù náà ò dùn wọ́n. Ó dà bí alápatà tó gbé ẹran tó ti jẹrà sórí àtẹ, tí wọ́n bá a wí, tó wá ní òun ń palẹ̀ mọ́ torí pé òjò ṣú.

Ṣùgbọ́n àwọn yẹn kọ́ ni mò ń bá jà lónìí. Àwọn òǹwòran ni. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹwàá 1972 tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù yìí hàn ní New York, Pauline Kael tó ń kọ̀wé nípa sinimá fún The New Yorker ní ọjọ́ náà yẹ kó wọ ìwé ìtàn. Ó tiẹ̀ fi wé alẹ́ kan ní Paris lọ́dún 1913, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré ijó kan tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó dáa. Òun ṣáà mọ̀wé.

Àwọn ará Sípéènì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ọ̀gágun Franco tó ń ṣàkóso wọn nígbà yẹn ní fíìmù náà ò gbọdọ̀ wọ̀lú. Ìpolówó wo ló tún kù? Ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti bọ́ọ̀sì bá dorí kọ Perpignan, ìlú Faransé kan lẹ́yìn ẹnubodè. Láti Barcelona síbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 kìlómítà. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn gbéra, á ti dé Èkó, á ti jẹun, ọkọ̀ ò tíì dúró fún wọn. Mo máa ń fojú inú wò wọ́n lẹ́nu ibodè. Ọ̀gá kan rèé, ó wọ kóòtù, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń wolẹ̀. "Níbo lẹ̀ ń lọ?" "A fẹ́ ra wàràkàṣì ni." Bọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn wọn kún fọ́fọ́, wàràkàṣì ni tọkọtaya ń lọ rà, wàràkàṣì ni bàbá arúgbó tó wà lẹ́yìn pátápátá ń lọ rà, kò sì sẹ́ni tó gbé apẹ̀rẹ̀ dání. Kọ́sítọ́ọ̀mù wojú wọn, kò sọ̀rọ̀, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ pásípọ́ọ̀tù. Òun náà ti lọ ra tiẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Wọ́n dé inú òkùnkùn, wọ́n jókòó fún ohun tó lé ní wákàtí méjì, Brando ń kùn lédè tọ́pọ̀ nínú wọn ò gbọ́, bí ẹni tí eyín ń dùn. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ pa ara rẹ̀ ló ń ṣọ̀fọ̀ nínú fíìmù ọ̀hún. Ṣé torí àtibá a kẹ́dùn ni wọ́n ṣe wọ bọ́ọ̀sì? Bọ́tà ni wọ́n ń dúró dè, ìyẹn ìran tí Brando ti fi bọ́tà ṣe eré ìfipábánilòpọ̀. Bó bá sì di ọjọ́ Àìkú, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni yóò kọ́kọ́ figbe ta pé ayé ti bàjẹ́? Ẹni tó mọ ìjókòó téèyàn ti ń rí i kedere ni.

Mo mọ irú wọn. Bàbá kan wà nínú WhatsApp ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Bàbá á fi fídíò ìṣekúṣe ránṣẹ́ láago márùn-ún ìdájí, wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo ohun táwọn ọmọ ìwòyí ń ṣe o. Olúwa, ṣàánú wa. Ẹ wò ó dé ìparí."

Ní Ítálì, adájọ́ ló ṣe irú iṣẹ́ tí Franco ṣe. Lọ́dún 1976, wọ́n ní kí wọ́n run gbogbo ẹ̀dà fíìmù náà, wọ́n sì fi ọdún márùn-ún gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ Bernardo Bertolucci tó darí rẹ̀. Ìdìbò! Bá a bá ń gba káàdì ìdìbò lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ṣe fíìmù burúkú, ta ni ì bá kù láàárín àwọn onífíìmù Surulere tí yóò tẹ̀ka?

Ẹ jẹ́ n dá ẹ̀rín dúró. Ọmọ ọdún 19 ni Maria Schneider, òṣèrébìnrin tó bá Brando ṣe é, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù yẹn. Brando fi nǹkan bí ọdún 28 jù ú lọ. Bertolucci fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: òun àti Brando ń jẹun àárọ̀, búrẹ́dì wà nílẹ̀, bọ́tà wà nílẹ̀, àwọn wojú ara àwọn, ọ̀rọ̀ sì ti yé àwọn méjèèjì. Wọn ò sọ fún ọmọ yẹn. Bertolucci ní òun fẹ́ kó ṣe bí ọmọbìnrin, kó má ṣe bí òṣèré. Ó ní ẹ̀rí ọkàn ń dá òun lẹ́bi, àmọ́ òun ò kábàámọ̀. Kí nìyẹn? Ẹ̀yin ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí?

Schneider ti wí i lọ́dún 2007 pé omijé gidi lòun sun níbẹ̀ yẹn, ojú sì ti òun. Mélòó ló gbọ́? Ìgbà tí fídíò tí Bertolucci ti sọ̀rọ̀ yẹn tàn kálẹ̀ lọ́dún 2016 layé tó lanu pé háà! Ọdún karùn-ún tí obìnrin náà ti kú nìyẹn. Gbogbo ẹni tó kún Perpignan, gbogbo adájọ́ tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó dájọ́, omijé yẹn ga níwájú wọn bí ògiri. Wọ́n ní ọmọ náà mọ eré ṣe.

Obìnrin náà ní látìgbà yẹn òun ò fi bọ́tà se oúnjẹ mọ́, òróró ólífì nìkan lòun ń lò. Ta làwa tá a ó sọ pé a ò jẹ bọ́tà mọ́? Máàjarín la fi ń pa búrẹ́dì nílùú yìí tá à ń pè é ní bọ́tà. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé mi tún ti fowó kún un láàárọ̀ yìí, búrẹ́dì ọ̀hún fúyẹ́ bí ìrọ̀rí. Mo la á sí méjì, mo ní ìyá, bọ́tà tẹ́ ẹ pa sí i dà? Wọ́n ní kí n wò ó dáadáa.